Àáró àti Agile: Ìtàn Ọgbọ́n Iṣẹ́ Àjọṣe láti Oko Ojoku dé Ilé-iṣẹ́ Òde Òní



1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo ṣe ń dífá ọrọọrún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ìkìlọ̀ nípa àyídà ayé ni òwe yìí, ó sì parí síbẹ̀. Ní tèmi, mo rí ọ̀rọ̀ ìṣètò iṣẹ́ nínú rẹ̀. Babaláwo mọ̀ pé ohun tí òun rí lónìí lè má bá ọ̀la mu. Kò torí èyí sọ pé kò sí ìdí tí a fi ń ṣètò. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbẹ́kẹ̀ lé ètò kan ṣoṣo fún ọdún gbáko. Ó dá ọjọ́ tí yóò tún padà wò ó, ọjọ́ náà kò sì jìnnà.

Ìlànà ìṣètò iṣẹ́ kan tí ó gba ayé kan báyìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Agile ni orúkọ tí a sọ ọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2001, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ara rẹ̀ yá, tí kò ṣòro fún láti yí padà. Ìlànà náà sọ pé kí ẹgbẹ́ kékeré pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́. Kí wọ́n parí ìpín kan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n fi èyí tí ó parí han ẹni tí ó ni iṣẹ́. Kí wọ́n sì tún ètò wọn ṣe gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n rí kọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dé ilé ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú pẹ̀lú.

N kò wá sọ fún yín pé àwọn baba wa ni ó dá Agile sílẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìṣòro kan náà ni àáró ilẹ̀ Yorùbá àti Agile wá yanjú, àti pé bí a bá wo ohun tí ó mú kí àáró dúró, a ó mọ ìdí tí ìlànà tuntun yìí fi ń dúró ní ilé-iṣẹ́ kan tí ó sì ń wó ní òmíràn. Kì í ṣe ìpàdé ni ó ń gbé iṣẹ́. Ohun méjì ni ó ń gbé e: kí àwọn tí ń ṣe é lè bá ara wọn sọ òtítọ́, kí iṣẹ́ tí ó parí sì jẹ́ ohun tí ojú lè rí kí ẹnu sì kà.

2. Ojoku àti ìṣòro òjò

Mo fi Ojoku ṣe ibi tí a ó ti máa wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì jìnnà sí Ọ̀fà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo agbègbè yìí: koríko pọ̀ níbẹ̀ ju igbó lọ, igi sì dúró káàkiri láàárín koríko. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbọ́njú mọ̀.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, òjò ni ọ̀gá. Bí òjò bá ti lọ tán, tí ọyẹ́ sì ti dé, ilẹ̀ a le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ́ yóò máa ta padà lára rẹ̀. Bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, koríko kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ebè kíkọ, iṣu gbígbìn àti oko ríro ní àkókò tiwọn, àkókò náà kò gùn. Àkókò kan náà yìí ni ó sì jẹ́ fún gbogbo àgbẹ̀ ìlú. Ọjọ́ tí mo nílò ọwọ́ kún ọwọ́ ni aládùúgbò mi pẹ̀lú nílò rẹ̀. Bí mo tilẹ̀ ní owó láti fi wá alágbàṣe, ta ni yóò fi oko tirẹ̀ sílẹ̀ fún koríko kí ó wá ro tèmi?

Iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ kéré, àkókò kúrú, ẹnikẹ́ni kò sì lè búra pé òjò yóò rọ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níbi tí kò sí ọkọ́ tàbí àdá.

3. Àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni ó kó àáró àti ọ̀wẹ̀ pọ̀, tí wọ́n pe méjèèjì ní ìrànlọ́wọ́ àárín ará. Ọ̀mọ̀wé N. A. Fadipe kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá, tí ó ṣe ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí a sì tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1970 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ó yẹ kí àwa náà yà á.

Ọ̀wẹ̀ ni a fi ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́ ńlá. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ilé, tàbí kí ó ṣe òrùlé, tàbí kí ó lọ bá àna rẹ̀ ro oko, yóò bẹ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀wẹ̀. Òun ni yóò pèsè jíjẹ àti mímu. Ẹnikẹ́ni kò ka iye ọjọ́ tí yóò fi san án padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kì í bá ènìyàn ṣe ọ̀wẹ̀ yóò bẹ ọ̀wẹ̀ tirẹ̀ tì.

Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn díẹ̀ tí oko wọn kò jìnnà síra ni ó ń ṣe é, wọ́n sì sábà jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn ní ọjọ́ orí àti ní agbára. Wọn yóò ṣiṣẹ́ ní oko ẹni kìíní lónìí, wọn yóò lọ sí ti ẹni kejì bí ó bá kàn án, títí yóò fi kárí. Ọjọ́ tí mo bá fi ṣiṣẹ́ fún ọ di gbèsè sí ọ lọ́rùn. Iṣẹ́ ni ìwọ yóò fi san án. Owó kò lè san án, ọpẹ́ kò sì lè san án.

Ìbéèrè kan wà níhìn-ín tí a kì í sábà béèrè. Èrè wo gan-an ni ó wà nínú àáró? Ká ní àgbẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n, tí oko ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 600 ebè, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè kọ 100 lójúmọ́. Bí oníkálùkù bá dá ṣe tirẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ni yóò fi parí. Bí wọ́n bá ṣe é ní àáró, ọjọ́ mẹ́fà náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi ṣiṣẹ́: ọ̀kan ní oko tirẹ̀, márùn-ún ní oko ẹlòmíràn. Òógùn kò dín, ebè kò pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá fi ìṣirò nìkan wò ó yóò sọ pé kò sí ohun tí àáró fi kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí oko parí. Bí oníkálùkù bá dá ṣe é, oko mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò parí ní ọjọ́ kẹfà. Kò sí ọ̀kan tí ó parí kí ọjọ́ náà tó pé. Ní àáró, oko kan ń parí lójoojúmọ́. Oko ẹni kìíní ti ṣetán fún ebù iṣu ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ti ẹni kejì ní ọjọ́ kejì. Bí a bá ro ó pọ̀ tí a sì pín in, ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ ni oko kan fi ń dúró kí ó tó parí, kì í ṣe mẹ́fà. Bí àìsàn bá dá ẹnì kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, oko rẹ̀ kò di igbó, nítorí àwọn márùn-ún yòókù yóò dé ibẹ̀ bí ó bá kàn án; yóò san gbèsè rẹ̀ nígbà tí ara bá yá. Bí a bá sì rí i pé koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo oko ẹni kẹrin, kò sí ohun tí ó ní kí a má tì í síwájú.

Ebè ṣì ń wúlò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí ó kọ 400 nínú 600 ní nǹkan lọ́wọ́. Òrùlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé mẹ́fà tí a ṣe òrùlé wọn dé àárín kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òjò. Mẹ́ta tí ó parí gba ìdílé mẹ́ta. Bí iṣẹ́ bá ṣe jọ òrùlé tó ni èrè píparí ọ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn ṣe ń pọ̀ tó.

Ọgbọ́n yìí ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ó kẹ́yìn ni òjò lè já sílẹ̀. Ó ti fi ọjọ́ márùn-ún ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ sókè ní oko tirẹ̀. Kí ni ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀? Ó mọ̀ pé àwọn yòókù yóò wá. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àáró fi gbọ́dọ̀ kéré, kí ojú lè mọ ojú, àti ìdí tí ọ̀lẹ kì í fi í rí ẹni tí yóò gbà á sí àáró lẹ́ẹ̀kejì.

4. Bí àáró ṣe rọ̀

Àáró kò wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí ó fà á. Ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ ní Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà kọjá kí ó tó dé Jẹ́bà ní 1909. Ọ̀nà irin náà sọ oúnjẹ oko di ọjà tí ó lè rin ìrìn àjò, ó sì sọ ọ̀dọ́ pẹ̀lú di arìnrìn-àjò. Láti Ọ̀fà àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti lọ ṣòwò ní Gold Coast, tí ó di Ghana ní 1957. Níbẹ̀ ni wọ́n wà títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá sì padà wálé pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè gbé lórí.

Ilé-ìwé mú àwọn ọmọ kúrò lóko. Owó wọlé, alágbàṣe sì gba ipò ẹni tí a ń bá ṣe àáró. Alágbàṣe rọrùn: a san owó, gbèsè tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbèsè tán, ìdè pẹ̀lú tán. Alágbàṣe kò ní ìdí láti sọ fún olóko pé ibi tí ó ní kí a kọ ebè sí kò dára. Tirẹ̀ ni kí ó gba owó ọjọ́ rẹ̀.

Irú iṣẹ́ alágbàṣe yìí ni ó gbilẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ńlá gbogbo ayé ní ọ̀rúndún ogún. Àwọn kan ní orí ń ro, àwọn kan ní ọwọ́ ń ṣe. Àárẹ̀ tí ó mú àwọn ènìyàn lórí ètò yìí ni ó bí ìlànà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

5. Ibi tí Agile ti wá

Ìtàn rẹ̀ ní orísun méjì. Ilẹ̀ Japan ni ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Taiichi Ohno ti ilé-iṣẹ́ Toyota rí i pé ohun tí ń jẹ owó jù ni ọjà tí a ti bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí, tí ó ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ó ṣètò pé kí òṣìṣẹ́ má ṣe ohunkóhun àfi ohun tí ìpele tí ó kàn bá béèrè. Káàdì tí ń bá ohun èlò rìn ni wọ́n fi ń béèrè. Kanban ni wọ́n ń pe káàdì náà. Ẹ rántí oko mẹ́fà àti òrùlé mẹ́fà.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun kejì. Ní 1970, ẹlẹ́rọ kan tí ń jẹ́ Winston Royce kọ̀wé lórí bí a ṣe ń darí ètò kọ̀ǹpútà ńlá. Ó ya àwòrán iṣẹ́ tí ń lọ láti ìpele dé ìpele: kọ gbogbo ohun tí a fẹ́ sílẹ̀, ṣe àwòrán rẹ̀, kọ ètò náà, dán an wò, kí o sì gbé e fún ẹni tí ó ni ín. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e fi omi tí ń já láti orí àpáta wé ìlànà yìí, nítorí omi tí ó ti já kò ní padà gòkè. Royce fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú ìwé kan náà pé ewu wà nínú ṣíṣe é bẹ́ẹ̀ tààrà, nítorí òpin iṣẹ́ ni a ó tó mọ àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mú àwòrán, wọ́n fi ìkìlọ̀ sílẹ̀.

Ní 1986, àwọn ọ̀mọ̀wé ará Japan méjì, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka, kọ̀wé nínú Harvard Business Review nípa àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tètè gbé ọjà tuntun jáde. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí kò jọ eré ìje tí ẹnì kan ti ń gbé ọ̀pá fún ẹlòmíràn kí ó tó dúró. Ó jọ eré bọ́ọ̀lù rugby, níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti jọ ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Láti inú eré náà ni Jeff Sutherland àti Ken Schwaber ti mú orúkọ Scrum fún ìlànà tí wọ́n jọ gbé jáde ní gbangba ní 1995. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni Kent Beck ń ṣe tirẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Chrysler. Nígbà tí ó di ọjọ́ 11 sí 13 oṣù kejì 2001, ènìyàn 17 pàdé ní Snowbird ní ìpínlẹ̀ Utah, wọ́n sì fọwọ́ sí ìkéde kan. Wọ́n gbà pé ètò, ìwé àti àdéhùn ní iyì tiwọn, ṣùgbọ́n pé ènìyàn, iṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́, àjọṣe pẹ̀lú oníṣẹ́ àti yíyí padà nígbà tí ó yẹ ní iyì jù wọ́n lọ.

Ìlànà Scrum ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹgbẹ́ kì í sábà ju ènìyàn 10 lọ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní sáà kúkúrú tí kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Ẹnì kan ni ó ń ṣojú oníṣẹ́, òun ni ó ń sọ èyí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe. Lójoojúmọ́, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ a pàdé fún ìṣẹ́jú 15 láti wo bí wọ́n ti ń súnmọ́ ibi tí wọ́n ń lọ àti ohun tí ó dí wọn lọ́nà. Ní òpin sáà, wọ́n a fi iṣẹ́ tí ó parí hàn. Lẹ́yìn náà wọ́n a jókòó láti wo ìwà iṣẹ́ tiwọn, kí sáà tí ó kàn lè sàn jù.

6. Ibi tí wọ́n ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti pínyà

Ẹni tí ó bá mọ àáró yóò ti rí ìbátan wọn: ẹgbẹ́ kékeré, píparí ọ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, àti ètò tí a ń tún wò ní ọjọ́ tí kò jìnnà, bí ti babaláwo. Ìdí tí a fi ń fi iṣẹ́ hàn ní òpin sáà, òwe ti sọ ọ́: ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ni ó lè sọ fún un, ó sì dára kí ó sọ ọ́ nígbà tí ọ̀nà kò tíì gùn. Ìdí tí a fi ń kó oríṣiríṣi ọlọ́gbọ́n iṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan, òwe ti sọ òun náà: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìyàtọ̀ wọn kò kéré ju ìbátan wọn lọ. Àgbẹ̀ mọ ebè kí ó tó kọ ọ́. Ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sábà máa ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Nítorí náà ni àtúnwò fi ṣe pàtàkì fún un ju fún àgbẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kejì jinlẹ̀ jù. Nínú àáró, olúkúlùkù ni ó ń di olóko ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ọkọ́ ní oko mi lónìí ni èmi yóò gbé ọkọ́ ní oko rẹ̀ lọ́la. Kò lè fi ebè kékeré tàn mí jẹ, nítorí ojú tí ó fi wo oko mi ni ojú tí èmi náà yóò fi wo tirẹ̀. Olóko pẹ̀lú kò dúró sí abẹ́ igi kí ó máa pàṣẹ; ọkọ́ wà lọ́wọ́ òun náà. Nínú ilé-iṣẹ́, ẹnì kan ni olóko títí láé, àwọn yòókù ń gba owó oṣù. Ohun tí àáró rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti inú ìdọ́gba, Agile ní láti fi òfin àti ìkọ́ni wá a.

7. Ọgọ́rùn-ún òtítọ́, ọgọ́rùn-ún irọ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Mo ti jókòó nínú ìpàdé òwúrọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ó ní òun ti gba ìlànà Agile. Àwọn ọ̀dọ́ dúró, ọ̀gá jókòó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjú sí ọ̀gá, ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa, sà. Ẹnikẹ́ni kò wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 pé, wọ́n túká, ohun tí ó dí iṣẹ́ lọ́nà sì wà níbẹ̀ gbọin. Wọ́n ti gba ìpàdé, wọn kò gba àáró.

Kì í ṣe ìwà ọ̀wọ̀ wa ni mo ń bá wí. Ọ̀wọ̀ dára. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí ó mọ ọ̀wọ̀ jù wá lọ fi iṣẹ́ àáró sí àárín ẹgbẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó rọrùn fún ẹgbẹ́ láti sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ebè rẹ kéré. Wọ́n sì ní òwe fún ìròyìn tí kò bá iṣẹ́ mu: ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún ebù tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Àjàòkúta, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Ìjọba Nàìjíríà bá ilé-iṣẹ́ Tyazhpromexport ti Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe àdéhùn ní 1979, Ààrẹ Shehu Shagari sì fi ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ irin náà lélẹ̀ ní 1980. Àwọn ẹ̀ka kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983. Nígbà tí ó di 1994, ìròyìn sọ pé ìdá 98 nínú 100 iṣẹ́ náà ti parí. Síbẹ̀, ìléru ńlá tí ó yẹ kí ó máa yọ́ irin láti inú òkúta, tí gbogbo nǹkan yòókù dúró lé, kò mú irin jáde. Ìdí rẹ̀ pọ̀: owó, ìjà àdéhùn, ìyípadà ìjọba. N kò sọ pé ìpàdé ìṣẹ́jú 15 ì bá gbà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdá 98 tí kò mú irin jáde, ìdá irọ́ ni fún ẹni tí ó fẹ́ ra irin. Òrùlé tí ó kù díẹ̀ kì í gba òjò.

Àjàòkúta kò dá wà. Ní 2011, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé kalẹ̀ lábẹ́ Ibrahim Bunu, ayàwòrán ilé, láti yẹ iṣẹ́ àkànṣe ìjọba àpapọ̀ wò, ròyìn iṣẹ́ 11,886 tí a ti bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí. Tírílíọ̀nù náírà 7.78 ni wọ́n ní yóò parí wọn. Iye yìí tóbi ju ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń ná ní ọdún kan nígbà náà lọ. Bí oníkálùkù bá bẹ̀rẹ̀ oko tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ọwọ́ tí kò tó, ohun tí a ó rí nìyẹn.

8. Ìdáhùn sí àtakò kan

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé a lè pín afárá sí wẹ́wẹ́ ni? Ìbéèrè gidi ni. Iṣẹ́ wà tí a gbọ́dọ̀ ṣírò títí dé òpin kí a tó wa ilẹ̀, Agile kò sì yẹ fún gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà irin tí ó gba Ọ̀fà kọjá ń dá wa lóhùn. Irin àti òkúta ni òun náà. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, a kò dúró de Jẹ́bà kí ọkọ̀ tó rìn. Ọkọ̀ ti ń gbé èrò àti ẹrù ní apá ìsàlẹ̀ nígbà tí a ń la ọ̀nà apá òkè. Bákan náà ni ògiri amọ̀ tí àwọn baba wa ń mọ: ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú mọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àlàpà ni yóò bá lówùúrọ̀.

Kì í ṣe gbogbo pípín ni ó dára. Bí a bá pín ilé sí ìpìlẹ̀ gbogbo yàrá, lẹ́yìn náà ògiri gbogbo yàrá, lẹ́yìn náà òrùlé, a kò rí ibi sùn títí di òpin. Bí a bá kọ́kọ́ parí yàrá kan tòun ti òrùlé, a ti ní ibi tí a ó ti máa mọ ìyókù. Ìpín tí ènìyàn lè lò ni mo ń sọ.

9. Ìkádìí

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ lo ìlànà yìí ní ilẹ̀ wa, ìbáà jẹ́ ní ilé kọ̀ǹpútà ní Yábàá, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń kọ́ gbọ̀ngàn ní Ojoku, kò ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àjèjì. Kí wọ́n béèrè ohun mẹ́rin. Èkíní, ǹjẹ́ a kéré tó kí ojú wa mọ ojú? Èkejì, oko mélòó ni a ti bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí, èwo ni a ó sì parí kí a tó ṣí òmíràn? Ẹ̀kẹta, kí ni a lè fi han ẹni tí ó ni iṣẹ́ ní òpin oṣù yìí, tí yóò lè lò, tí kì í ṣe ìwé tàbí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún? Ẹ̀kẹrin, ta ni ó kéré jù láàárín wa, ǹjẹ́ ó lè sọ pé ebè kéré kí a má bínú sí i?

Ìbéèrè kẹrin ni ó le jù, ọ̀gá ni yóò sì kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀. Kí ó dìde lórí àga. Kí ó bọ́ sáàárín wọn, kí ó sọ èyí tí òun náà ṣe lánàá àti èyí tí kò lè ṣe. Olóko tí ó gbé ọkọ́ ní oko ara rẹ̀ kò sọ ọlá nù; òun ni ó kọ́kọ́ mọ ibi tí ilẹ̀ ti le.